Ìwàásù Ìdájí Níwájú Ilé Alájì

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń kó gbogbo ayé wá sí Èkó, ẹni tó bá rí yàrá kan gbà n'Ísọlọ̀, bí ẹni gbé ẹyin ló ṣe máa ń gbé e. Èmi rí tèmi gbà lọ́wọ́ Alájì kan, ará Ìsẹ́yìn, tó ń ta pákó l'Óṣòdì. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ. Alájì sì ti kìlọ̀ fún gbogbo àwa ayálégbé pé ẹni tó bá pariwo níwájú ilé òun kílẹ̀ tó mọ́, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ni ìjọ wa bá pín ìwàásù ìdájí fún wa, kálukú pẹ̀lú agogo tirẹ̀. Mo bẹ olórí ẹgbẹ́ wa pé kó rán mi lọ sí Èjìgbò, pé ẹ̀mí ń darí mi síbẹ̀. Ó ní ẹ̀mí tó ń sá fún Alájì kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé mi sì ni Jerúsálẹ́mù tèmi.

Mo fi àkísà wé ahọ́n agogo, kó lè dún, kó má sì dé etí ẹnikẹ́ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ bi mí pé ta ni mò ń wàásù fún? Ewúrẹ́ ni.

Ilẹ̀kùn ṣí. Alájì yọ, ó mú búta àlùwàlá dání. Mo ti ń ro ibi tí mo máa gbé aboyún gbà. Àfi bí mo ṣe rí i pé omi búta ń dà sí ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ìyá mi ni?"

Mi ò lóye. Ó tún bi mí pé ta ni wọ́n rán láti Ìsẹ́yìn, ìgbà wo ni màmá kú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ta ló ń wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà èèyàn ní ìdájí, bí kò ṣe ẹni tó wá túfọ̀? Ìyá rẹ̀ sì wà lórí àìsàn lóòótọ́.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò sẹ́ni tó kú. Ìhìn rere ni mò ń sọ."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ìhìn rere nìyẹn? O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ nítorí yàrá. Ọ̀rọ̀ yàrá kò tilẹ̀ sí lọ́kàn tirẹ̀. Ó ní ṣé mo lè bá òun gbàdúrà fún màmá. Mo gbà á tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, mo fi orúkọ Jésù parí rẹ̀, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó ṣe àmín, ó dìde, ó lọ kírun tirẹ̀.

Títí mo fi kó kúrò níbẹ̀, Alájì ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé àdúrà yẹn, mo tún ń wàásù wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà; bí ó ṣe kírun tán, òun fúnra rẹ̀ ló yọrí lójú fèrèsé.

"Gbé ohùn sókè, jàre, kí n mọ̀ pé ìwàásù ni."