Ohùn Tí Ọyẹ́ Gbé Wá

Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá sí ni ká máa jókòó sídìí fóònù àti rédíò, ká máa gba ìpè àwọn tí ewu bá dé bá, ilé tó ń jóná, ọkọ̀ tó dànù, aboyún tó ń rọbí lójú ọ̀nà, ká sì rán ẹni tó yẹ sí wọn. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ kọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó pín wa káàkiri.

Olùkọ́ wa jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rédíò. Mùsùlùmí ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Yóò ní ká gbé hẹ́dífóònù sétí, ká di ojú, yóò wá tan ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún wa. Kì í bi wá léèrè ohun tí onítọ̀hún sọ. Ohun tó máa ń bi wá ni pé, ṣé inú yàrá ló wà àbí ìta? Ṣé ó dúró ni, àbí ó ń rìn? Kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀sán gangan ni, fáànù ń yí lókè orí wa, ṣùgbọ́n èmi ti wà nínú ilé ẹni tí n kò mọ̀ rí, mò ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù wọn, mò ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ wọn. Bí bàbá bá pa á tí mo lajú, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

Ìkíni ló le jù fún wa. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa sọ pé ibi tí onítọ̀hún wà ni ká kọ́kọ́ bèèrè, torí bí ìlà bá já, a ó ti mọ ibi tí a ó rán èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni yóò gbọ́ ohùn àgbà tí kò ní kí i? Bí olùkọ́ wa bá ṣe bí ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ ń jó, "ẹ káàsán mà" ni yóò jáde lẹ́nu wa, a ó tún bèèrè àlàáfíà ilé. Bàbá á ní iná ti dé àjà. Nígbà tó yá, ó gbà fún wa pé ká máa kí wọn ní ṣókí, ká sì bèèrè ibi tí wọ́n wà ní èémí kan náà. Ó ní ẹni tí wọn ò bá kí, ọkàn rẹ̀ á túbọ̀ dàrú ni.

Òfin kan sì wà tó máa ń tẹnu mọ́ fún wa: lórí rédíò, a kì í dá ẹni tí kì í ṣe tiwa lóhùn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n pín mi sí. Mo gba yàrá ní àdúgbò Under G, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orin wọn kì í sinmi. Èmi àti obìnrin kan tó jù mí lọ la jọ máa ń ṣiṣẹ́ àárọ̀. Àǹtí ni mò ń pè é. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, bí kò bá sí ìpè, yóò máa kun orin ìsìn lábẹ́ imú. Iwájú wa ni fóònù wà, pẹ̀lú rédíò àti kọ̀ǹpútà tí máàpù ìlú wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo ìlú funfun. Mo máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, n kò ní rí òrùlé tó wà níwájú mi. Ìgbà yẹn ni rédíò wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa. Àǹtí ní ọdọọdún ni ọyẹ́ máa ń gbé wọn wá. Mo wá rántí pé olùkọ́ wa ti ṣàlàyé rẹ̀ rí, pé bí atẹ́gùn tútù bá sùn sílẹ̀ tí èyí tó gbóná sì bò ó, ohùn á máa gba àárín àwọn méjèèjì lọ sọ́nà jíjìn. Bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, wọ́n á pòórá. Mo gbọ́ Hausa, mo gbọ́ èdè tí n kò lè dárúkọ, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín láìsọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn wọn. Mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́ nítorí wọn.

Ọkùnrin kan wà nínú wọn tí ohùn rẹ̀ di ojúlùmọ̀. Ọkọ̀ áńbúláǹsì ilé ìwòsàn kan ló ń wà. Á ní, "Ọkọ̀ kejì ń pe ilé," ilé ìwòsàn rẹ̀ á sì dáhùn. Yorùbá ló ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Àǹtí ní ó jọ ti apá Kàbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ilé, ilé kò dáhùn. Ó tún pè. Ó ní aboyún wà nínú ọkọ̀ òun, apá ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, kí wọ́n bá òun jí dókítà, kí wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lójú ọ̀nà tí òun wà. Ilé kò dáhùn síbẹ̀. Àǹtí dá orin rẹ̀ dúró. Àwa méjèèjì ń wo rédíò bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn. Òfin yẹn ń dún létí mi.

Àǹtí sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Bí o kò bá dá a lóhùn, ta ni yóò dá a lóhùn?"

Mo tẹ bọ́tìnnì. "Ẹ ǹlẹ́ sà, ọkọ̀ kejì. Níbo lẹ wà?"

Ariwo bíi ti iyanrìn tí a ń dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Kì í ṣe ilé, sà. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ yín. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn yín."

Ó rọra ka nọ́ńbà náà, mò ń kà á tẹ̀ lé e, Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tirẹ̀. Ó dún títí kí nọ́ọ̀sì kan tó gbé e. Ó ní iná mànàmáná ti lọ, rédíò àwọn ti kú. Àǹtí jíṣẹ́ fún un. Nọ́ọ̀sì náà kò bèèrè ẹni tí a jẹ́. Sálúbàtà rẹ̀ nìkan la gbọ́ bó ṣe ń sáré lọ.

Mo sọ fún awakọ̀ pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ó ní ó dára. Mò ń gbọ́ obìnrin náà tó ń kérora lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnì kan tó ń wí fún un pé kó rọra mí. N kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, mo bi í pé kí ló ń rí. Ó ní òun ti kọjá afárá. Ó ní òun ń gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá, pé kùrukùru pọ̀ níbẹ̀. Mo di ojú, èmi náà sì ń bá wọn lọ lábẹ́ igi wọ̀nyẹn. Oòrùn ti ń yọ lójú fèrèsé wa, ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i, títí ó fi já lágbedeméjì ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tiwa kò jẹ́ ká ráyè ronú púpọ̀. Ọ̀kadà méjì forí sọra lọ́nà Ìkòyí-Ilé, a rán èèyàn sí wọn. Nírọ̀lẹ́, Àǹtí tún tẹ nọ́ńbà náà. Wọ́n ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà, ọmọbìnrin ló bí, àwọn méjèèjì wà láàyè. Àǹtí gbé fóònù sílẹ̀, ó fi etí gèlè nu ojú.

Mo pe olùkọ́ wa ní Ọ̀yọ́, mo sọ fún un pé mo rú òfin. Ó ní nítorí àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ni wọ́n ṣe ṣe òfin yẹn, ọkùnrin yẹn kò sì ṣeré.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ohùn náà tún dé. "Ọkọ̀ kejì ń pe ẹni tó dá mi lóhùn."

Mo ní èmi nìyí. Ó bi mí pé ìlú wo ni mo wà. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ mà jìnnà sí wa o," ló wí. "Ẹ ṣeun. Ìyá ọmọ kí yín."

Lẹ́yìn náà ó pe ilé, ilé sì dá a lóhùn.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn fọ gbogbo ohùn náà lọ. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, wọ́n ti pààrọ̀ rédíò wa. Tuntun yìí kì í jẹ́ kí àjèjì wọlé, ohùn inú rẹ̀ sì mọ́ bíi pé onítọ̀hún jókòó tì wá. Ó dára, ó ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọyẹ́, mo máa ń ṣí fèrèsé díẹ̀ kí kùrukùru lè wọlé. Àǹtí á ní kí n tì í nítorí ikọ́ òun, màá sì tì í.