Àbàwọ́n Epo Nínú Ìwé Àjàní Gìtá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní St. Albans, níbí ní Queens, kò sí ohun tí bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn tó kí wọ́n máa jiyàn lórí olórin. Tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé wa á kún. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ tèmi: kí n kúnlẹ̀ kí wọn, kí n gbé omi àti ẹran díńdín wá, kí n sì panu mọ́. Mo panu mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò di etí.

Lọ́dọọdún, nígbà ooru, wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún orin nínú páàkì kan ní Brooklyn. Tipẹ́tipẹ́ ni àhesọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ta ló ń bọ̀, ta ni wọn ò fún ní físà, ta ló bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jà. Bàbá Délé tó ń wa takisí ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù wá.

Ẹni tí gbogbo wọn ń retí ni Àjàní Gìtá, olórin àgbà kan tí kì í kúrò nílé mọ́. Bàbá mi ní ìwé tí Àjàní kọ nípa ayé ara rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn bò ó, ó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án á rí pupa ojú òun. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Àkàrà ni mo ń jẹ bí mo ṣe ń kà á. Mo kà pé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ Àjàní, ó máa ń wọ ìlú, á jókòó láàárín àwọn ọlọ́tí, á sì máa sọ pé olórin ńlá kan ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, á gbé gìtá dé, ìlú á ti dúró dè é. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń gbé omi fún Bàbá Délé, mo ní mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì pé Àjàní ń bọ̀ lọ́dún yìí. Gbólóhùn kan péré. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà jù mí lọ: Àjàní ti gba físà, ó ti ran aṣọ funfun. Nígbà tí Bàbá Délé ròyìn rẹ̀ fún mi, díẹ̀ ló kù kí n gbà á gbọ́.

Màmá mi ló kó mi sí wàhálà. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, kì í sì í sinmi ní Sátidé. Mo gbọ́ tó ń bẹ ẹnìkan lórí fóònù: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi cover shift Sátidé àjọ̀dún yẹn.” Ó yọ léèsì búlúù rẹ̀ nínú àpótí. Ó ń fọ abọ́, ó ń kọ orin Àjàní, èmi tí n kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ilé. Irọ́ tó ń mú ìyá ẹni kọrin, báwo lèèyàn ṣe ń jẹ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tó di ọjọ́ náà, a jókòó sórí koríko láti ọ̀sán. Olórin kan lọ, òmíràn dé. Bàbá Délé ń tẹnu mọ́ ọn pé, “Traffic ló wà lórí bridge, ó ń bọ̀.” Oòrùn wọ̀, wọ́n ń ká wáyà, Màmá ṣì ń wo orí pèpéle. Mo bú sẹ́kún.

Bí a ṣe délé, bàbá mi gbé ìwé náà sọ̀kalẹ̀ kó fi tu Màmá nínú. Ó ṣí i, ó bá àtàǹpàkò mi tí mo fi epo àkàrà tẹ̀ síbẹ̀. Ó ka ojú ewé náà, ó wo ojú mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè. Ìyà ti Màmá ló pẹ́ jù: gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó bá tibi iṣẹ́ dé, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, èmi á máa ka ìwé náà sí i létí. Yorùbá mi dà bíi ti òyìnbó, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà nù. Lọ́jọ́ tí a kà á tán, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀.

Lóde òní, inú fóònù ni àhesọ ń gbé, kó tó rìn dé òpin àdúgbò, wọ́n ti já irọ́ rẹ̀. Àjàní ti kú. Màmá ti fẹ̀yìn tì, kì í fẹ́ jáde mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀ gbé omi fún un, ó ní òun gbọ́ pé olórin àgbà kan ń bọ̀ ní páàkì lọ́dún yìí. Kò wojú mi. Màmá ti ní kí n bá òun wá léèsì búlúù yẹn.

Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ náà níbi iṣẹ́.