Kágò Wà O

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Muṣin. Màámi á ti ta omi sára yunifọ́ọ̀mù funfun wọn, wọ́n á gbé irin gbígbóná lé e, aṣọ á dún ṣìì. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń di oúnjẹ fún àwọn tó ń wọ bàlúù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn Ẹ́pọ́ọ̀tù, lápá ibi tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń pè ní Kágò. Màámi ò wọ bàlúù rí o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ yẹn, ẹ ó rò pé àwọn gan-an ni wọ́n fẹ́ wà á.

Tí a bá gba ọlidé, wọ́n máa ń mú mi dání láwọn Sátidé. A máa ń wọ mólúè dé Òṣòdì, a ó wá wọ bọ́ọ̀sì kejì tó ń gba ẹ̀yìn Ẹ́pọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà l'Ékòó mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ á pe orúkọ ibi tó ń lọ, á fi "wà o" tì í, kọ́ńdọ́kítọ̀ á gbá ara ọkọ̀ kí dírẹ́bà lè dúró. Màámi á ní kí èmi pè é. Èmi tí tíṣà ń pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu mi! Àwọn náà ni wọ́n á pariwo rẹ̀ nígbẹ̀yìn, wọ́n á wá kọjú sí mi: "Rónkẹ́, tí o ò bá sọ̀rọ̀ sókè, ibi tó bá wu dírẹ́bà ló máa gbé ẹ lọ." Inú máa ń bí mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dójú tì mí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọlidé, Màámi ti jáde, mò ń ká aṣọ orí tábìlì nígbà tí ọwọ́ mi ba káàdì iṣẹ́ wọn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò láyà yunifọ́ọ̀mù kí áyọ́ọ̀nù má baà yọ́ ọ, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó ṣáájú, ọ̀gá tuntun níbi iṣẹ́ sì ti sọ pé bí Màámi bá tún wá láìsí káàdì, kí wọ́n jókòó sílé pátápátá. Aago mẹ́jọ ni géètì ń tì. Mẹkáníìkì ni bàbá mi, wọ́n ti lọ tún ọkọ̀ kan ṣe ní Ṣágámù látàná. Àǹtí Sìkírá, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, oyún wọn ti wọ oṣù kẹsàn-án. Wọ́n fún mi lówó ọkọ̀, wọ́n sìn mí dé ìdíkọ̀, wọ́n ní kí n má sùn o.

Oorun kẹ̀? Mo di káàdì yẹn mú débi pé etí rẹ̀ fẹ́ wọ̀ mí lọ́wọ́. Mo sọ̀ l'Óṣòdì láìsí wàhálà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ̀. Inú bọ́ọ̀sì kejì ni ọ̀ràn wà. Àwọn òṣìṣẹ́ Ẹ́pọ́ọ̀tù ló kún inú ẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mò ń fi "Kágò wà o" dánra wò nínú ọkàn bí ẹni fẹ́ ka àkọ́sórí. Bá a ṣe yọ sí géètì, mo lanu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo tún un ṣe. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ò tiẹ̀ wojú mi. Bọ́ọ̀sì ń bá eré ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rí wọn lójú fèrèsé. Màámi dúró níta géètì, wọ́n ti tú gbogbo ẹrù inú báàgì wọn sílẹ̀, wọ́n ń bẹ ọlọ́dẹ. Màámi tí àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ń bẹ̀rù! Wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti wá.

"Màámi wà o!"

Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Kọ́ńdọ́kítọ̀ yíjú sí mi. "Màmá ẹ wà? Láti ìgbà wo ni màmá ẹ ti di bọ́sítọ́ọ̀pù?" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ gbá ara ọkọ̀, dírẹ́bà sì dúró. Mo sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Géètì ò tíì tì. Màámi gba káàdì lọ́wọ́ mi, wọn ò dúpẹ́, wọn ò gbá mi mọ́ra. Wọ́n kàn ní, "Mo gbọ́ ẹ láti ibí," wọ́n sì wọlé lọ síbi iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Èmi náà ti di tíṣà báyìí, àwọn ọmọ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mi, àwọn kíláàsì tó kù náà á dákẹ́. Mi ò jiyàn. Àmọ́ àìsàn kan ti gba ohùn lọ́fun Màámi. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi tó wà l'Ábújá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, bàlúù àkọ́wọ̀ wọn nìyẹn. Mo fi mọ́tò mi gbé wọn lọ sí Ẹ́pọ́ọ̀tù, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹnu mi ò dákẹ́, mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa de bẹ́líìtì. Wọ́n sọ nǹkan kan níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn mi, ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé iwájú.

"Kágò wà o."

Mo tẹ bíréèkì. Mo ní, "Mo gbọ́ yín, Mà."