Ọ̀tún Ta Ni?

Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kọ́ igún Sókótó bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Kí n tó dé ìlú yìí, ńṣe ni wọ́n ń já lulẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ti ànjọ̀nnú tí mo fẹ́ sọ yìí, wallahi, ojú mi méjèèjì ló rí i.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa da epo sínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré àwọn olówó, ní pápá kan lẹ́yìn Kasarawa. Ọkọ̀ ọjọ́ náà ní táǹkì méjì, ọ̀kan nínú apá ọ̀tún, ọ̀kan nínú apá òsì. Irin kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó fi ń yan èyí tí ẹ́ńjìnnì yóò máa mu.

Epo díẹ̀ ló kù nínú àwọn táǹkì náà, èyí tó wà nílẹ̀ kò sì lè kún méjèèjì. Mo da gbogbo rẹ̀ sí ọ̀kan. Káyọ̀dé awakọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ìkánjú kì í jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ wo nǹkan, ní kí n wọlé, kí òun fi mí yí ìlú ká, kí n lè yé da òun láàmú.

"Bàbá, èwo lẹ dà á sí?"

"Ọ̀tún. Ó kún dẹ́nu."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé ojú mi ló fọ́ ni?"

Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ Hausa wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi: "Daman wa?" Ọ̀tún ta ni?

Mo yíjú. Bàbá arúgbó kan ni, nínú bàbáńrìgá funfun. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn tó lè yan ẹ̀pà lórí páànù. Èmi ní òjìji, ọkọ̀ ní òjìji, bàbá yìí kò ní. Káyọ̀dé tan ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé fìlà mi lọ. Bàbáńrìgá bàbá yìí kò mì.

"Ọ̀tún ta ni?"

Haba! Inú bí mi. Ta ni kò mọ ọ̀tún, ọwọ́ tí a fi ń jẹun? Mo pòṣé, mo wọ ọkọ̀.

A ti rékọjá Sama Road, a ń padà bọ̀ lókè Kasarawa, ni ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ìdákẹ́jẹ́ òkè burú ju ariwo lọ.

"Ọ̀tún ni mo fi sí, Bàbá! Ọ̀tún tẹ́ ẹ ní ó kún!"

Láti ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí kò séèyàn: "Ọ̀tún ta ni?"

Ojú mi là. Nígbà tí mo ń da epo, iwájú ọkọ̀ ni mo dúró sí, tí èmi àti imú rẹ̀ kọjú síra wa. Ọ̀tún mi, òsì ọkọ̀ ni!

"Òsì!" mo kígbe lójú ẹsẹ̀. "Yí i sí òsì!"

Ó yí i. Ẹ́ńjìnnì gbé epo mì, ó jí. Nígbà tí a balẹ̀, mo wẹ̀yìn. Fìlà mi tí afẹ́fẹ́ gbé lọ ló wà lórí ìjókòó.

Ó dáa. Kí n sọ ibi tí mo parọ́ sí. Igún mọ bíbalẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Irọ́ kejì ni "lójú ẹsẹ̀" yẹn. Mi ò kígbe lójú ẹsẹ̀. Mo ti mọ̀, mo panu mọ́, kí ọmọ Ìjẹ̀bú má baà máa sọ káàkiri àdúgbò Gidan Igwai pé bàbá ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ará ìjókòó ẹ̀yìn béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi máa la ẹnu, mo ti ń rí ìwo ewúrẹ́ nílẹ̀ Kasarawa.

Fìlà náà wà lórí ìṣó nílé mi. Mi ò dé e mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ọ̀tún ta ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pòṣé. Ẹ dá a lóhùn.