Erinmi Inú Ìbú àti Ìwé tí Mo Kọ

Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi pa erinmi inú ìbú wa. Mo fi èyí ṣáájú nítorí òun ló dá mi lójú. Ohun tó tẹ̀lé e, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Faransé ṣì tuntun nígbà náà. Mo ti Dakar dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko, mo sì ń retí ibi tí ìjọba máa rán mi lọ ṣe olùkọ́. Oko ìyá mi wà létí odò, ìrìn wákàtí méjì sí ìlú Ṣábẹ̀ẹ́. Lọ́dún yẹn, erinmi kan ń jáde nínú ìbú láti wá jẹ koríko, ó sì ń tẹ ebè iṣu fọ́. Owó iṣu ni ìyá mi fi rán mi lọ kàwé ní Dakar.

Àwọn ará oko ní kí n kọ̀wé ní èdè Faransé sí ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó, kí ó rán oníbọn wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ló kọ̀. Apẹja ni. Ìgèrè ló ń dẹ, apẹ̀rẹ̀ gbọọrọ tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde. Ibi tí erinmi ń lúwẹ̀ẹ́ ló máa ń dẹ ẹ́ sí, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Mo rò pé àṣà lásán ni.

Mo fi igi fa ìlà méjì sórí yanrìn níwájú wọn. Èkíní: koríko, erinmi tó ń jẹ ẹ́, ó parí. Èkejì: ewé tín-ín-tìn-ín inú omi, kòkòrò tó ń jẹ ewé, ẹja kékeré tó ń jẹ kòkòrò, àrọ̀ tó ń jẹ ẹja kékeré, àwa tí à ń jẹ àrọ̀. Mo ní ìlà méjèèjì kò kan ara wọn.

"Akọ̀wé," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí, "níbo ló ń yàgbẹ́ sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ gidi là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ gidi ni èmi náà ń bi ọ́. Àbí ẹnu ẹran nìkan ni wọ́n fi hàn yín ní Dakar?"

Ìyá mi dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu mi ń bàjẹ́, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìgbẹ́."

Mo kọ ìwé náà lọ́jọ́ kejì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ikú ẹran náà kò ní pa apẹja kankan lára.

Wọ́n yìnbọn pa á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ará oko jẹ ẹran rẹ̀. Èmi náà jẹ. Iṣu ìyá mi ta dáadáa.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi ìbú náà mọ́ gaara. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i. Mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ gbé ìgèrè. Èkíní ṣófo. Akàn kan ló wà nínú èkejì. Mo wọ inú omi, mo fọwọ́ pa àwọn òkúta. Ewé tín-ín-tìn-ín tó máa ń yọ̀ lára wọn ti dín, ìdin kòkòrò tí mo máa ń rí níbẹ̀ lọ́mọdé ti ṣọ̀wọ́n. Koríko orí ilẹ̀ ni ẹran yẹn ń gbé wọ odò lójoojúmọ́, tó ń yà á sílẹ̀ fún ewé omi, ìdin àti ẹja kékeré. Ìlà mi méjèèjì kan ara wọn, níbi ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín gan-an.

Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún yẹn kò tó. Àwọn apẹja àjèjì sì lè ti fi àwọ̀n gbá ìbú náà. N kò yẹ omi náà wò kí wọ́n tó pa ẹran, n kò ní ohun tí màá fi wé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ìgèrè rẹ̀ kọ́ sábẹ́ òrùlé, ó wá ń kọ ebè lóko ìyá mi, àbúrò rẹ̀. Bí ìyá mi bá ń bu iṣu fún un, ìyá mi kì í lè wo ojú rẹ̀.

Mo lọ bá a níbẹ̀. Mo ṣàlàyé ìgbẹ́, mo ṣàlàyé òjò. "N kò mọ èwo ni, bàbá. Kò dá mi lójú."

Ó dá ọkọ́ rẹ̀ dúró, ó nàró. "Nínú ìwé tí o kọ sí wọn, ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dá ọ lójú?"

"Rárá, bàbá."

Ó nawọ́ sí ọkọ́ kejì tó wà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú un, mo sì ń bá a kọ ebè.