Ìgò Kẹta

Ní àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń gun gbogbo ènìyàn lórí, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan wá sí Badagry láti yẹ omi ọ̀sà wò. Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn nìkan, ẹnikẹ́ni tó bá wù kó wá bá àwọn bu omi. Tíṣà ni mí nígbà náà ní Ajara. Inú mi dùn débi pé mo wọ bàtà tuntun wọnú ọkọ̀ tó ń jò.

Wọ́n fún mi ní ìgò mẹ́ta. Nítorí pé mo mọ ọkọ̀ wà láti kékeré, wọ́n ní kí n máa dá lọ. Ibi àkájà bàbá mi ni mo ti máa bu ìgò kẹta. Ẹ̀ka igi ni àkájà, tí àwọn apẹja wa máa ń kì bọ omi, kí ẹja lè sá síbẹ̀, kó bímọ, kó sì sanra, títí di ọjọ́ tí wọ́n máa fi àwọ̀n yí i ká. Bàbá mi ti ń ṣọ́ tirẹ̀ láti bí ọdún kan. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀, òórùn bẹntiróòlù gbà mí nímú. Ibẹ̀ ni àwọn onífàyàwọ́ ń gbà kó àgbá epo lọ sí ẹnubodè, àwọn àgbá náà sì ń jò. Bí èyí bá hàn nínú ìwé tí àwọn olùkọ́ náà máa kọ nípa omi, ta ló máa ra ẹja bàbá mi? Mo wa ọkọ̀ lọ síbi tí omi ti mọ́ dáadáa, mo bu ti ibẹ̀, mo sì kọ "àkájà" sára ìgò náà. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi bí mo ṣe ń padà bọ̀. Ọmọ rere!

Lọ́jọ́ ìkórè, ẹja tó léfòó pọ̀ ju èyí tó ń mí lọ. Nígbà tí ìwé àwọn olùkọ́ dé, bàbá mi pè mí.

"Kà á fún mi. Mo fẹ́ mú un lọ bá ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lé àwọn elépo wọ̀nyẹn kúrò lórí omi mi."

Mo kà á bó ṣe wà níbẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní omi ibẹ̀ dára."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Àwọn tó kàwé ò lè ṣì í. A jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ yìí ṣe mọ́."

Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀. Ojú tì mí, mo ká ìwé náà, mo ní mo fẹ́ lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé. Kò ṣe àkájà mọ́ títí ó fi kú, bí wọ́n bá sì béèrè ìdí, á ní ọwọ́ òun ti bàjẹ́.