Ẹ̀rọ Tí Kò Kọ Ẹnikẹ́ni

Màmá mi mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀, ó sì mọ̀ pé owó oṣù ń wọlé. Ìyókù, ó ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé ní Ìkọ̀tún, yàrá kan àti pálọ̀, orí tábìlì oúnjẹ sì ni ọ́fíìsì mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá mi pè mí. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ kí àwọn aláìsàn máa fi fóònù wo èsì àyẹ̀wò wọn. Màmá mi wà lára wọn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un, èmi ni kí n sọ bóyá ó ṣeé ṣí. Tí ẹnìkan bá fi pásíwọ̀ọ̀dù tí kò tọ̀nà wọlé, ẹ̀rọ wọn gbọ́dọ̀ kọ̀, kó sì dá nọ́ńbà 401 padà, ìyẹn ni pé, mi ò mọ̀ ẹ́. Ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ kí n tó dé ti fi JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ìdánwò tó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń kọ̀ lóòótọ́ sílẹ̀.

Mo ṣe ìdánwò náà. Ó yege. Mo ṣèèṣì fi pásíwọ̀ọ̀dù tó tọ̀nà sí i, ó tún yege. Báwo? Ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ kọ èyí tó tọ̀nà, ó yẹ kí ìdánwò náà kùnà. Mo fi orúkọ ọbẹ̀ sí i, ó yege. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó yege. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Màmá mi ń ṣàdúrà nínú yàrá. "Ohunkóhun tí ọmọ yìí bá béèrè, wọn ò ní kọ̀ fún un."

Mo ṣe "Àmín" láìronú, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni dátà mi tán. Mi ò mọ̀, mo tún ìdánwò náà ṣe, ó wá kùnà. Mo ra dátà, ó tún yege. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ló ń kùnà? Mo wá jókòó ka kóòdù náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sọ ni pé tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tàbí tí ìṣòro mìíràn bá wà, kí a wò ó bóyá nọ́ńbà 401 ló wá pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ̀rọ náà ò bá wá kọ̀ rárá ńkọ́? Kò sọ nǹkan kan. Kò wo nǹkan kan, ó kàn ń gbà pé ó dáa ni.

Mo fi ìlà kan kún un pé tí ẹ̀rọ náà ò bá kọ̀, kí ìdánwò náà kùnà. Ó kùnà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀, mo fi nọ́ńbà fóònù màmá mi, tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, sí i, mo tẹ ìsọkúsọ ṣe pásíwọ̀ọ̀dù. Èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo tì í kí n tó kà á.

Mo pe ọ̀gá mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí i o."

Màmá mi yọjú láti yàrá. "Kí ló dé? Ṣé wọ́n kọ̀ fún ẹ ni?"

"Rárá, màámi. Wọn ò kọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ló wí, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Kò sẹ́ni tó máa kọ̀ fún ẹ láyé."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí Àmín mi.